Òkè, odò àti ọgbà àjàrà Western Cape láàárín ọ̀sẹ̀ kan: oṣù wo ló dára jù?

Arìnnàkore
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èmi, ìyàwó mi àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Western Cape, Gúúsù Áfíríkà. Kì í ṣe ìjókòó etíkun Cape Town là ń bá lọ. Òkè la fẹ́ gùn, odò la fẹ́ tukọ̀ lórí rẹ̀, a sì fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láàárín ọgbà àjàrà ní ìhà Stellenbosch, Franschhoek, Worcester àti Robertson. Ìyàwó mi kì í mọ àárẹ̀ bó bá di ọ̀rọ̀ òkè. Àbúrò rẹ̀ mọ odò wẹ̀ dáadáa. Èmi lè rìn láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá dúró sí bèbè ọ̀gbun, òòyì máa ń kọ́ mi. Oṣù kejì là ń rò, torí a gbọ́ pé ìgbà yẹn ni wọ́n ń kórè àjàrà. Ṣé ó bá a mu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi, a ò tíì san owó ọkọ̀ òfuurufú.

Ọmọ Olódò
Ẹ kú ètò, ẹ̀gbọ́n. Bí odò bá wà nínú ohun tẹ́ ẹ torí rẹ̀ ń lọ, ẹ jẹ́ ká tún oṣù kejì yẹ̀ wò. Òjò ibẹ̀ kì í bá ooru rìn. Ìgbà òtútù, láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ, ló ń rọ̀ jù. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, ilẹ̀ á gbẹ táútáú.

Ẹ wo odò Palmiet, tó la igbó Kogelberg kọjá kó tó wọ òkun ní Kleinmond. Lẹ́yìn òjò ńlá ìgbà òtútù, omi rẹ̀ á máa ru gùdù láàárín àpáta, àwọn tó ń fi ọkọ̀ rọ́bà ṣeré lórí omi á sì máa wá a lọ. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí omi náà á tún fi fà. Bó bá di oṣù kejì, òkúta ló kù níta. Ọkọ̀ aláfẹ́fẹ́ kéékèèké ni wọ́n ń gbé sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà náà, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ á sì máa ha òkúta bí wọ́n ṣe ń lọ.

Ti odò Breede yàtọ̀. Láti apá Ceres ló ti ń bọ̀, ó gba Worcester, Robertson àti Swellendam, ó sì wọ òkun India ní Witsand. Jẹ́jẹ́ ló ń ṣàn ní ìhà Robertson àti Bonnievale, ọgbà àjàrà wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Nígbà ooru wọ́n máa ń tú omi sínú rẹ̀ láti ìdídò Brandvlei lẹ́bàá Worcester, kí àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ lè rí omi bomi rin oko, nítorí náà kì í gbẹ tán.

Ohun kan ni kẹ́ ẹ ṣọ́ lórí Breede: koríko palmiet. Ó nípọn, ó máa ń hù létí omi lọ́pọ̀ yanturu, ìdí rẹ̀ á sì lọ́ mọ́ra lábẹ́ omi. Omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, ènìyàn kò lè gba ibẹ̀. Bí ìṣàn bá ti ọkọ̀ yín lọ bá a, ara yín á fẹ́ sá sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ara ti ìhà koríko yẹn. Bí ẹ bá fara ti apá ibi tí omi ti ń bọ̀, etí ọkọ̀ á tẹ̀, omi á rọ́ wọlé, ọkọ̀ á dojú dé, á sì há yín mọ́ ìdí koríko.

Àǹtí Boland
Ọmọ Olódò ti gbẹnu sọ fún odò, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àjàrà. Paarl ni mo ń gbé, inú ọgbà ni fèrèsé ilé ìdáná mi kọjú sí.

Òótọ́ ni pé láti ìparí oṣù kìíní ni ìkórè ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì wọ oṣù kẹta tàbí kẹrin. Ó dùn ún wò. Àmọ́ ìgbà iṣẹ́ ni fún àwọn olóko. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń gé èso kí oòrùn tó mú un gbóná, katakata á máa fa àjàrà kọjá lójú ọ̀nà tóóró, ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kò ní ráyè. Ooru àfonífojì Breede lóṣù kejì kì í sì í ṣe kékeré. Bí aago mọ́kànlá àárọ̀ bá ti lù, òkè kò ṣeé gùn mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ràn ara rẹ̀.

Èyí tó máa ń bà mí lẹ́rù jù ni iná. Igbó kúkurú orí òkè wọ̀nyí, fynbos, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2004, iná ni ìṣẹ̀dá fi ń tún un ṣe. Irúgbìn ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò ní hù àfi bí iná tàbí èéfín bá kàn án. Ṣùgbọ́n iná tí ènìyàn dá pọ̀ ju ti àrá lọ, ẹ̀fúùfù gúúsù-ìlà-oòrùn a sì gbé e gun òkè kí wọ́n tó pe ara wọn jọ. Bí ẹ̀fúùfù yẹn bá ń jà lóoru gbígbẹ, wọ́n lè ti gbogbo ọ̀nà òkè láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ gùn ún. Wọ́n ò ṣe é láti fi tẹ yín lójú, ẹ̀mí yín ni wọ́n ń dá sí.

Tó bá jẹ́ èmi, ìparí oṣù kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni máa mú. Ewé tuntun ti yọ lára àjàrà, òdòdó kún orí òkè, odò ṣì ní omi. Oṣù kẹrin náà dára: ẹ̀fúùfù ti rọ̀, ewé àjàrà ń pọ́n, ń di àwọ̀ wúrà. Odò nìkan ni kò ní fi bẹ́ẹ̀ lómi.

Jagun Àfonífojì
Àǹtí, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn pé ká lé ènìyàn sá fún oṣù kejì. Ohun kan wà ní Western Cape tó jẹ́ pé ìgbà ooru nìkan ló ṣeé ṣe, òun ló sì dùn jù lójú tèmi: kéèyàn tọ odò gba inú àfonífojì tóóró, kó máa wẹ̀, kó máa rìn lórí àpáta, kó sì máa fò láti orí òṣọ̀rọ̀ omi sínú adágún ìsàlẹ̀. Wọ́n ń pè é ní kloofing. Nínú ọgbà ìpamọ́ Hottentots Holland, lápá Nuweberg lójú ọ̀nà Grabouw sí Villiersdorp, ọ̀nà méjì ló lókìkí: Suicide Gorge àti Riviersonderend. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ni wọ́n ń ṣí wọn, a sì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ CapeNature, àjọ tó ń bójú tó ọgbà ìpamọ́ náà, ṣáájú.

Omi ibẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bíi tíì tí wọn ò da mílíìkì sí. Ìdọ̀tí kọ́ o, ewé fynbos ló ń fún un láwọ̀. Bẹ́ ẹ bá bù ú sínú àtẹ́lẹwọ́, ó mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n nínú adágún tó jìn, ẹ ò ní rí ìsàlẹ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ yẹ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó fò. Omi náà tutù nini nínú oṣù kejì pàápàá, torí oòrùn kì í dé ìsàlẹ̀ àfonífojì pẹ́. Ẹ̀wù rọ́bà tí àwọn òmùwẹ̀ ń wọ̀ pọn dandan.

Ẹ̀gbọ́n Arìnnàkore, àbúrò ìyàwó yín á gbádùn rẹ̀.

Arìnnàkore
Ẹ ṣeun gan-an. Àbúrò ti ka ti Jagun, kò tíì jókòó látìgbà náà. Ṣùgbọ́n kí ni gíga ibi tí wọ́n ti ń fò? Ṣé ẹni tó bá dé ibẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò gbé e lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá?

Baba Olókè
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú àsọyé. Jẹ́ kí n dá Arìnnàkore lóhùn, torí ìbéèrè rẹ̀ yìí gan-an ló ṣe pàtàkì.

Ní Suicide Gorge, fífò tó ga jù tó mítà mẹ́rìnlá. Bí o bá ti fo àkọ́kọ́, kò sí pé ò ń padà sẹ́yìn, ògiri àpáta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. O gbọ́dọ̀ fo gbogbo èyí tó kù kó o tó jáde. Riviersonderend rọrùn díẹ̀, èyí tó ga jù níbẹ̀ tó mítà méje, ṣùgbọ́n àpáta náà ló yí i ká. Ẹni tí òòyì ń kọ́ lórí ọ̀gbun, mi ò ní rán an lọ sí ọ̀kankan nínú méjèèjì, bí amọ̀nà rẹ̀ bá tiẹ̀ gbóná tó. Ìrònú tó bá dé bá a lórí àpáta kò ní í ríbi gbé e sí. Jagun, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀, o sì sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Kì í kàn ṣe fún gbogbo ẹni tó bá ti mọ odò wẹ̀ ni.

Fún ìwọ, ọmọ mi, Jonkershoek lẹ́yìn Stellenbosch ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni odò Eerste ti ṣàn wá. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ wà tó tẹ̀lé odò lọ síbi òṣọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀nà òkè náà wà tí wọ́n ń pè ní Panorama, nǹkan bíi 17 km, tí ẹlẹ́sẹ̀ líle á fi odindi ọjọ́ rìn. Ìyàwó rẹ lè mú ti òkè pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́, kí ìwọ mú ti odò, kẹ́ ẹ pàdé ní ẹnubodè.

Àpáta ibẹ̀ jẹ́ yanrìn tó dì, ó di ẹsẹ̀ mú dáadáa bó bá gbẹ. Bí ìkúùkù bá bò ó tàbí tí ewé tútù bá wà lórí rẹ̀, ó ń yọ̀. Ìkúùkù lè dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ìhà òkun. Bí ẹ ò bá rí ọ̀nà mọ́, ẹ dúró sójú kan, ẹ wọ gbogbo aṣọ òtútù yín, ẹ má tẹ̀lé ipa omi sọ̀ kalẹ̀. Ipa omi orí òkè wọ̀nyẹn á mú yín dé orí ògiri tí kò ṣeé sọ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rí àwọn tó sọnù.

Kí ẹ má dín ní mẹ́rin lórí òkè: bí ẹnì kan bá fara pa, ẹnì kan á dúró tì í, méjì á lọ pe ìrànlọ́wọ́. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì láti orí fóònù alágbèéká, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ inú àfonífojì. Ẹ sọ fún onílé tẹ́ ẹ dé sí pé agogo báyìí la máa padà.

Ìyàwó Arìnnàkore
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Èmi gan-an ni ìyàwó tí wọ́n ń sọ. Mo ti gbọ́ ti Jonkershoek, ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ òkè kan tí mo máa sùn lórí rẹ̀, tí ọgbà àjàrà á wà nísàlẹ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́. Ṣé ó wà? Mo sì gbọ́ pé yìnyín máa ń bọ́ níbẹ̀, ṣé nínú oṣù kẹwàá náà ni?

Baba Olókè
Ó wà, ọmọ mi. Arangieskop, nínú òkè Langeberg lẹ́yìn Robertson. Láti ọgbà ìpamọ́ Dassieshoek ni wọ́n ti ń gùn ún, ọ̀nà rẹ̀ yí po, ọjọ́ méjì ni. Orí rẹ̀ lé ní 1,800 m. Ahéré wà lókè tí ẹ máa sùn sí, ìjọba ìbílẹ̀ Langeberg lẹ ti ń gbà á. Gígùn ọjọ́ àkọ́kọ́ le, kì í ṣe àsọdùn, torí láti ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, omi sì wúwo lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n bó o bá jáde láàárọ̀, gbogbo àfonífojì Robertson pẹ̀lú àwọn oko àjàrà rẹ̀ ló máa tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ.

Ní ti yìnyín, oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ló máa ń pọ̀. Matroosberg nítòsí Ceres, 2,249 m, ni àwọn ará Cape Town máa ń lọ wò ó. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá kejì ni àfonífojì Hex, ibi tí De Doorns wà, àjàrà jíjẹ ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀ ju ti wáìnì lọ. Nínú oṣù kẹwàá, òtútù òru ṣì lè mú lórí òkè gíga, òjò sì lè já lulẹ̀ lójijì. Mú aṣọ òjò tó dára.

Tísà Ìtàn
Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un, torí De Doorns tí Bàbá dárúkọ. Ẹ máa rí ilé funfun olókìkí nínú ọgbà wọ̀nyẹn, wọ́n á sì sọ fún yín pé oṣù kejì ọdún 1659 ni wọ́n kọ́kọ́ fún wáìnì ní Cape, pé àwọn Huguenot tó sá kúrò ní ilẹ̀ Faransé dé Franschhoek ní 1688. Òótọ́ ni. Ẹ béèrè pẹ̀lú nípa àwọn tó ro ilẹ̀ náà. Ẹrú tí wọ́n kó láti Madagascar, Mozambique, India àti àwọn erékùṣù Indonesia ló ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yẹn, títí wọ́n fi fòpin sí ẹrú níní ní 1834, tí wọ́n sì fi ipá mú wọn ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá wọn ọdún mẹ́rin sí i lẹ́yìn rẹ̀. Ètò dop náà tún wà, tí wọ́n ń fi wáìnì san lára owó iṣẹ́. Ìpalára rẹ̀ ṣì wà nínú àwọn ìdílé títí dòní.

Ní oṣù kọkànlá 2012, àwọn òṣìṣẹ́ De Doorns daṣẹ́ sílẹ̀, ìyanṣẹ́lódì náà sì tàn káàkiri àwọn oko. Ráńdì 69 lóòjọ́ ni owó tó kéré jù nígbà náà, 150 ni wọ́n ń béèrè. Nínú oṣù kẹta 2013 ó di 105. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ẹ̀ ń lọ gba ibi iṣẹ́ ẹlòmíràn kọjá. Ẹ má wọ àárín ọ̀wọ́ àjàrà láìgba àyè, ẹ má já èso, ẹ kí àwọn tẹ́ ẹ bá lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn oko kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ní ìpín nínú wọn, ẹ béèrè, kẹ́ ẹ ná owó yín níbẹ̀.

Awakọ̀ Ojú Títì
Ọ̀rọ̀ Tísà gbún mi lọ́kàn. Tèmi kúrú. Apá òsì ni wọ́n ń wakọ̀ níbẹ̀. Òfin gba ọtí inú ẹ̀jẹ̀ tí kò tó 0.05 g nínú 100 ml, tí tọ́wò wáìnì oko méjì lè jẹ́ kéèyàn kọjá rẹ̀. Ẹ yan ẹni tí kò ní fẹnu kàn án rárá lọ́jọ́ náà. Ní Franschhoek, ọkọ̀ tíráàmù wà tó ń gbé ènìyàn láti oko kan sí èkejì, ẹ kàn máa sọ̀ máa gùn. Kí ọjọ́ wáìnì má sì jẹ́ ọjọ́ òkè tàbí ọjọ́ odò. Ooru àti ọtí máa ń fa omi ara gbẹ, ẹsẹ̀ tí kò balẹ̀ dáadáa lórí àpáta kò ní àforíjì.

Láti Paarl sí Worcester, ẹ lè gba ihò Huguenot, ọ̀nà ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ òkè, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4 km, tí wọ́n ṣí ní 1988, owó ẹnubodè wà níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ní àkókò, ẹ gba Bain's Kloof láti Wellington, ọ̀nà orí òkè tí Andrew Geddes Bain là, tí wọ́n ṣí ní 1853. Tóóró ni, ó sì ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Ẹ máa rí odò Wit nísàlẹ̀, àwọn adágún tó mọ́ wà láàárín òkúta.

Àǹtí Boland
Ẹ má gbàgbé àwọn baboon o! Kódà lójú ọ̀nà òkè yẹn. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ, ẹ ti fèrèsé ọkọ̀. Èyí tó bá ti kọ́ pé báàgì ènìyàn ní oúnjẹ nínú máa ń já a gbà lọ́wọ́ ènìyàn, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì ni pé wọ́n á yìnbọn pa á. Ní ti ejò, paramọ́lẹ̀ fẹ́ràn láti sùn sójú ọ̀nà nínú oòrùn oṣù kẹwàá, kì í tètè sá. Ẹ wo ibi tẹ́ ẹ máa gbẹ́sẹ̀ lé.

Arìnnàkore
Ọlọ́run á máa bù kún yín. A ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, oṣù kẹwàá la mú. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ní Stellenbosch: ìyàwó mi àti àbúrò á dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan tó ní amọ̀nà lórí Panorama, èmi á tọ odò Eerste. Ọjọ́ kẹta, tíráàmù Franschhoek, kò sí ìwakọ̀ rárá. Ọjọ́ kẹrin, Bain's Kloof lọ sí Worcester títí dé Robertson. Ọjọ́ karùn-ún àti ìkẹfà, àwọn méjèèjì pẹ̀lú ẹgbẹ́ amọ̀nà á sùn lórí Arangieskop, èmi á dúró nísàlẹ̀ kí n lọ bẹ oko tí Tísà sọ wò. Ọjọ́ keje, gbogbo wa lórí Breede. Ti àfonífojì fífò, àbúrò ti gbà pé ó di ìgbà ooru mìíràn, òun àti Jagun ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣé ètò yìí dúró?

Ọmọ Olódò
Ó dúró, ẹ̀gbọ́n, àfi ibì kan. Ẹ má gbé Breede sí ọjọ́ tó kẹ́yìn. Nínú oṣù kẹwàá òjò ṣì lè rọ̀ sórí òkè Ceres, kí omi kún ní Robertson níbi tí ojú ọ̀run ti mọ́ lókè yín. Bí ó bá kún lọ́jọ́ keje, ẹ ti pàdánù rẹ̀. Ẹ gbé e sí ọjọ́ karùn-ún, kí òkè tẹ̀lé e. Bí omi bá ga jù, ẹ kàn pààrọ̀ àwọn méjèèjì, bí ahéré bá gbà. Ẹ pe àwọn olùdarí ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé ṣé omi ń gòkè ni tàbí ó ń fà. Bí wọ́n bá ní ó ń gòkè, tó sì pọ́n dúdú pẹ̀lú igi lójú rẹ̀, ẹ dúró kó fà kẹ́ ẹ tó gbọ́kọ̀ lé e.

Arìnnàkore
Mo ti yí i padà: odò lọ́jọ́ karùn-ún, Arangieskop lọ́jọ́ kẹfà àti ìkeje, ọkọ̀ òfuurufú wa di òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ. Lọ́la ni màá kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ Langeberg nípa ahéré, kí n tó sanwó ohunkóhun mìíràn.